Àwọn Oníbàárà Ìkòkò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ẹni tí ó bá ni háídírójìn ni yóò ni ọ̀rúndún yìí. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni tẹ́lẹ̀. Láti òní lọ, àwa ni a ó máa lọ, ayé ni yóò máa tọ̀ wá lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi tuntun wí láàárọ̀ yìí, ní ìdúró, ọwọ́ lórí àyà bí ẹni tí ń búra. Àwa mẹ́rin la jókòó síwájú rẹ̀ nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń kán omi sínú garawa. Ó dákẹ́ díẹ̀ kí a lè pàtẹ́wọ́. Garawa nìkan ló dá a lóhùn: tó.

"Ọjọ́ ọ̀la" wà nínú gbólóhùn tí ó sọ tẹ̀lé e. Ó wà nínú èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn náà. Kí a tó dìde ni mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Ọjọ́-Ọ̀la.

Ó ní a kò gbọdọ̀ pe Ìkòkò ní Ìkòkò mọ́. "Ilé iṣẹ́ agbára núkílíà ni, ẹ̀yin èèyàn mi." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí olúkúlùkù ti gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀, Ìkòkò ń se iná tí kò rí ẹni bù ú. Wọ́n wá fẹ́ fi iná tó ń ṣẹ́kù fọ́ omi sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n kó háídírójìn inú rẹ̀, atẹ́gùn tí ń jó bí epo, tà. Iṣẹ́ tiwa ni kí a wádìí ẹni tí yóò rà á. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ àbọ̀ ìwádìí náà ní èdè tí ìgbìmọ̀ ìlú yóò lóye. Ọmọ mi obìnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú Ìkòkò, ló bá mi wá iṣẹ́ yìí. Ó ní, "Màámi, ìjókòó ilé ti ń sọ yín di oníjà." Kò mọ̀ pé oníjà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Owó oṣù ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀ nígbà náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Ooru bí inú ààrò. Wọ́n ti fún wa ní ìbéèrè tí a ó máa bi àwọn ilé iṣẹ́: "Bí háídírójìn tó mọ́ tónítóní bá wà ní àrọ́wọ́tó yín, tí owó rẹ̀ sì bójú mu, ṣé ẹ ó nífẹ̀ẹ́ sí i?"

Mo bi Ọjọ́-Ọ̀la pé ta ni yóò dáhùn pé rárá.

"Ẹ ṣé é, Ìyá wa," ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìdí tí a fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn."

Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ, n kò dúró níwájú kíláàsì rí kí n ní, "Bí a bá fún yín ní ìsinmi, ṣé ẹ ó gbà á?" kí n sì lọ kọ ọ́ síwájú orúkọ wọn pé gbogbo wọn ti yege.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ilé iṣẹ́ dígí. N kò kọjá ẹnu géètì.

"Láti Ìkòkò lẹ ti wá?" ni ẹ̀ṣọ́ béèrè.

"Láti ọ́fíìsì ìwádìí."

"Ìwádìí ta ni?"

"Ó dáa, ti Ìkòkò."

"Ẹ kú ìrìn o, mà. Ọ̀nà tí ẹ bá wá náà ló ń lọ sílé."

Ó da omi tí ó fi fọ ife rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá bàtà mi, kì í ṣe sórí bàtà, kí n má baà rí ohun tí n ó fi fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Búrẹ́dì ti gbówó lórí sí i. Èyí tí mo rà bọ̀ fúyẹ́ débi pé mo ń fi ọwọ́ méjì dì í mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí ó wọ̀n mí fún aṣọ iṣẹ́. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, òkìtì aṣọ lórí àga, abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tí kò sì dí i lọ́wọ́ ọ̀rọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé náà. Níbi tí ògiri kan bá ti tẹ̀, ó máa ń sọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ nínú àwọn méjèèjì fún ọ.

"Ìdí rẹ ti fẹ̀ sí i láti ìgbà tí o ti fẹ̀yìn tì," ó ní. "Gbogbo ìwé tí o kà ti sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀."

"Ẹ wọ̀n mí, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wàásù."

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ gbà ọ́ fún níbẹ̀?"

"Kí n máa bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n á ra atẹ́gùn."

"Wèrè wo ló máa ra atẹ́gùn?"

"Ẹni tí mò ń wá kiri gan-an nìyẹn."

A rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀. Mo kọ́ ọ̀gá ibẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré; láti ìgbà náà ló ti ń dáhùn ìbéèrè tí a kò tíì bi í parí. Ó ní àwọn yóò ra háídírójìn náà, ó sì dárúkọ ìwọ̀n tí ó tóbi débi pé mo ní kí ó tún un sọ. Ọjọ́-Ọ̀la fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi jó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò pẹ̀lú ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ará dígí fi èsì tiwọn ránṣẹ́ lórí fóònù: bẹ́ẹ̀ ni. N kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tó pọ̀ tó báyìí láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọjọ́-Ọ̀la lẹ àwòrán ìlú mọ́ ògiri lónìí. Ìlà pupa kan ti Ìkòkò lọ tààrà sí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀, bí ẹni fi rúlà fà á. Ọ̀nà páìpù nìyẹn. Ilé kankan kò gbọdọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, nítorí pé háídírójìn kì í bá iná ṣeré. Bí àbọ̀ ìwádìí wa bá fi hàn pé oníbàárà pọ̀ tó, ìgbìmọ̀ ìlú yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì kó àwọn ilé náà kúrò. Bí wọn kò bá pọ̀ tó, kò sí páìpù.

"Ilé mélòó kan péré ni," ó wí, ó ń fi ìka nu ojú ìwé náà bí ẹni ń gbá èérún kúrò lórí tábìlì.

Mo dìde, mo wọ gíláàsì mi, mo sún mọ́ ọn. Abẹ́ ìka rẹ̀ gan-an ni ilé ẹ̀gbọ́n mi wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kí ó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Ìwọ lo máa kọ ọ́?"

"Ohun tí mo bá rí ni mo máa kọ."

"Tí o bá rí i pé oníbàárà pọ̀ ńkọ́?"

N kò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni mo máa kọ ọ́."

Ó mi orí pẹ̀lẹ́. "Ó kúkú dáa. Kọ ọ́ kó já geere. Akọ̀wé ni ọ́." Ó ká aṣọ mi kúrò lórí òkìtì, tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ó kó o lé mi lọ́wọ́. "Wá ẹni tí ilé rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà kó bá ọ rán an."

Abẹ́rẹ́ méjì gún mi kí n tó délé. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ìṣẹ́gun kékeré: mo wọ ilé iṣẹ́ dígí. Mo ṣí agbòjò mi lójú géètì, mo jókòó sórí òkúta, títí mọ́tò ọ̀gá fi dé tí kò rọ́nà gbà. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n dìde. Mo ní orúnkún mi ni kó bẹ̀.

Ọ̀gá dígí kì í ṣe ẹni àfọ̀rọ̀ṣeré. Mo fi ìwé ìbéèrè sínú àpò, mo bi í bí mo ṣe máa bi aládùúgbò mi: ọjọ́ wo lẹ máa rà á, kí lẹ máa fi ṣe, ọwọ́ ta lẹ ti máa gbà á?

"Lọ́wọ́ àwọn alájílẹ̀ kẹ̀! Ta tún ló ní táńkì rẹ̀ ní ìlú yìí?"

"Kì í ṣe lọ́wọ́ Ìkòkò?"

"Mà, ẹ gbọ́. Àwọn alájílẹ̀ ní àwọn á gbà á, àwọn á sì tà á fún bọ́ọ̀sì. Èyí tí bọ́ọ̀sì kò bá rà la sọ pé a lè gbà lọ́wọ́ wọn. Bí bọ́ọ̀sì bá rà á tán, ó tán nìyẹn."

"Ẹ sì kọ iye kan ránṣẹ́ sí wa."

"Iye yẹn gan-an náà ni. Ẹ̀yin lẹ béèrè bóyá a nífẹ̀ẹ́ sí i. Mo nífẹ̀ẹ́ sí ọkọ̀ òfurufú náà."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ nílé iṣẹ́ ajílẹ̀. Ó fún mi ní àga tó ga ju tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà á.

"Tísà, inú gáàsì la ti ń yọ háídírójìn tiwa, kò sì wọ́n wa. Ti Ìkòkò, a máa gbà á sínú táńkì ni, ká tún un tà fún bọ́ọ̀sì."

"Nínú gbogbo ìwọ̀n tí o dárúkọ fún mi, èwo lẹ̀yin fúnra yín máa lò?"

Ó wo òrùlé. Ojú kan náà tí ó máa ń wò ní kíláàsì nígbà tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Kò sí, mà."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọgbà ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Èéfín dísẹ́lì ń yọ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì gbogbo bí ilé ìdáná. Mo ní kí ọ̀gá wọn fi èyí tí ń mu háídírójìn hàn mí.

"Bọ́ọ̀sì wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ máa rà á fún."

"Áà. Bí háídírójìn bá dé, a máa wá bọ́ọ̀sì rẹ̀ rà. Ẹ ò lè gbé màlúù wálé kí koríko tó wà."

"Ṣé ẹ ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa màlúù náà?"

Ó ní òun sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nítorí òun gbọ́ pé àwọn alájílẹ̀ ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo wọlé tọ Ọjọ́-Ọ̀la, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ọmọ mẹ́ta wà nínú ilé kan. Ẹ bi àkọ́bí bóyá ó ní ìyá, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi èkejì, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi àbíkẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mélòó ló wà nínú ilé náà?"

Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, kí lẹ ń sọ?"

"Ọ́fíìsì yìí ní mẹ́ta ni. Háídírójìn kan náà la kà lọ́wọ́ alájílẹ̀ tí yóò gbà á, tí a tún kà lọ́wọ́ bọ́ọ̀sì tí yóò rà á, tí a tún kà lọ́wọ́ dígí tí yóò gba àjẹkù. Èyí tó wá burú jù, ìyá náà gan-an ò tíì délé ayé. Kò sí bọ́ọ̀sì kankan."

Ẹ̀rín náà kúrò. Ó ti ìwé kan sápá kan, ó fà á padà. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní ohun kan, mà. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìfẹ́ là ń kà. A kì í ka rírà."

"Ìfẹ́ sì máa wó ilé èèyàn?"

"Ẹ ní mọ̀lẹ́bí níbẹ̀, àbí? Mo gbọ́. Ṣé ẹ rí i pé ìyẹn kì í jẹ́ kí èèyàn ronú dáadáa."

Ó sọ ọ́ bíi dókítà. Mo jáde kí ọwọ́ mi má baà ṣe ohun tí ó máa ń ṣe fún àwọn tó ń sùn ní kíláàsì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọmọ mi wá. Kò jókòó.

"Màámi, bí kò bá sí oníbàárà, wọ́n máa ti Ìkòkò pa. Ẹ fẹ́ tìtorí ilé Àǹtí nìkan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa?"

"Bí oníbàárà ò bá sí, páìpù á bí wọn ni?"

"Ẹ̀yin ṣáà ti máa ń gba máàkì lọ́wọ́ èèyàn ni!"

"Máàkì tí kò ní ni mò ń gbà."

Ó lọ. Omi tí mo bù fún un wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo da á sídìí òdòdó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀. Mo ti fi àbọ̀ ìwádìí mi sílẹ̀: oníbàárà kan, tí kò tíì ní bọ́ọ̀sì. Wọ́n dá a padà fún mi ní ọ̀sán pé kí n wo "àtúnṣe díẹ̀". Ọ̀kan ti padà di mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ mi ti lọ sí ojú ewé tó kẹ́yìn, lábẹ́ àkọlé "Àwọn Ìpèníjà", láàárín ojú ọjọ́ àti ìṣòro ọ̀nà.

Mo ní wọn kò gbọdọ̀ fi orúkọ mi sí i. Akọ̀wé ọ́fíìsì ní òun gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará òpópónà ẹ̀gbọ́n mi jókòó lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Àwọn òṣìṣẹ́ Ìkòkò wà lápá ọ̀tún, ọmọ mi láàárín wọn. N kò rí apá tí n ó jókòó sí. Mo dúró.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́, mo sọ ọ́: oníbàárà mẹ́ta yín, ọ̀kan ṣoṣo ni, ìyẹn náà ò sì tíì ní bọ́ọ̀sì. Apá òsì hó yèè. Apá ọ̀tún ní kí n jókòó. Ọkùnrin kan níbẹ̀ kígbe pé, "Ìkòkò kọ́ ṣáà ló ń san owó ìfẹ̀yìntì tiyín!" Ẹlòmíràn ní, "Ó tún ti ń kọ́ wa!"

Alága gbá tábìlì. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ àbọ̀ ìwádìí yìí, àbí ẹ̀yin kọ́?"

"Èmi ni mo kọ èyí tí wọ́n fà ya."

Ọjọ́-Ọ̀la dìde, ó tẹríba fún mi níwájú gbogbo ayé. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá wa fún ọgbọ́n àgbà. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn."

Òótọ́ ni. Ó wà níbẹ̀.

Wọ́n wá ṣàlàyé bí yóò ṣe lọ. Àwọn oníbàárà ní àwọn kò ní fọwọ́ síwèé títí àwọn yóò fi rí páìpù. Báńkì ní òun kò ní gbé owó páìpù sílẹ̀ títí òun yóò fi rí i pé ìlú múra tán. Olúkúlùkù ń dúró de ẹnìkejì. Ilẹ̀ nìkan ni kò lẹ́nu tí yóò fi sọ pé òun náà ń dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n bá dìbò pé kí a kọ́kọ́ kó àwọn ilé kúrò, kí báńkì lè rí i pé a ò ṣeré.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìwé àbọ̀ ìwádìí náà ti jáde. Ojú ewé kìíní: "Olùkọ́ àgbà tí ará ìlú fọkàn tán ló yẹ àwọn iye yìí wò." Orúkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Mo lọ bá akọ̀wé ọ́fíìsì pé ṣebí ó gbọ́. Ó ní òun gbọ́ lóòótọ́, pé Ọ̀gá ni kò gbọ́.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé kò ní tìtorí ìyẹn padà wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ní òpópónà ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Háídírójìn. Obìnrin kan gbá ìdọ̀tí sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní òun kò rí mi. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé. Ẹ̀rọ náà kò dákẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún

Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ àgbélébùú, àmì ilé wíwó, sára ògiri àwọn ará òpópónà náà. Owú ìránṣọ ti wọ́n. Mo ra odindi páálí kan, mo ní kí aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi bá mi fún un. Ó dá a padà, ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò bá aṣọ kankan mu. Funfun ni gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀gbọ́n mi ń kó ẹrù lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé oníbàárà rẹ̀. Mo bá a níbi tí ó ti ń dá wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ náà wálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo na ọwọ́.

"Má fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó wúwo."

"Ó wúwo nígbà tí mo gbé e wọlé náà." Ó gbé e kalẹ̀, ó mí. "Mo ka ìwé yín. Mo ka ojú ewé tó kẹ́yìn pàápàá."

"Ẹ wá rí i pé mo sọ ọ́ nìyẹn."

"Mo rí i. O sọ òótọ́ níbi tí kò ti lè ràn mí lọ́wọ́." Ó tún gbé e. "Kúrò lọ́nà fún mi, jọ̀ọ́."

Mo kúrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Wọ́n wó ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ògiri tí ọkọ rẹ̀ mọ tí ó tẹ̀ ló kẹ́yìn láti wó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà

Òjò ti bo ojú ọ̀nà páìpù náà. Láti Ìkòkò dé ilé iṣẹ́ ajílẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ lọ salalu, koríko ti ń hù lórí rẹ̀. Ọmọ mi sọ lórí fóònù pé báńkì ti dé wò ó, pé ó wú wọn lórí, pé wọ́n wá ń béèrè pé àwọn oníbàárà tó fọwọ́ síwèé dà. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. N kò sọ pé ṣebí mo wí. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo gé ètè jẹ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje

Mo ń kọjá lọ nígbà tí mo rí mọ́tò mẹ́ta lójú ọ̀nà páìpù. Ọjọ́-Ọ̀la kó àwọn àlejò wá, gbogbo wọn dé akoto tuntun, wọ́n ń wọ́ bàtà nínú ẹrẹ̀. Ó na ọwọ́ síhìn-ín, ó na ọwọ́ sọ́hùn-ún. Ẹnìkan ń ya fọ́tò koríko.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ láti apá kejì, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, téèpù lọ́rùn. Ó kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná. Ó rìn wọ àárín wọn, ó dúró síbi tí fèrèsé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì. Àwọn àlejò yíjú sí i pẹ̀lú ẹ̀rín ìkíni.

"Ẹ káàsán o," ó ní. "Páìpù náà dà?"